Osunaarashi: Kí ló gbé ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ nínú ìjàkadì sumo ga, kí ló sì já a sílẹ̀?

Ní oṣù Kìíní ọdún 2018, ẹsẹ̀ kò gbèrò ní pápá ìṣeré Samuel Kanyon Doe lẹ́bàá Monrovia, olú ìlú Làìbéríà. George Weah, ọmọ tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Clara Town, àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù ní Monrovia, ló ń búra gẹ́gẹ́ bí ààrẹ orílẹ̀-èdè rẹ̀. Bọ́ọ̀lù ló gbé e dé òkè òkun, bọ́ọ̀lù náà ló sì sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo ìlú mọ̀.

Ní oṣù kan náà, ní ilẹ̀ Jàpáánì, nǹkan ń dojú rú fún ọmọ Áfíríkà mìíràn tó fi eré ìdárayá jẹun. Abdelrahman Shalan ni orúkọ tó gbé kúrò nílé ní Íjíbítì. Osunaarashi ni orúkọ tí àwọn ará Jàpáánì fi mọ̀ ọ́n.

Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó sọ ìjàkadì sumo di iṣẹ́. Láàárín ọjọ́ méjì tó tẹ̀léra, ó dá àwọn akọni méjì tó wà ní ipò tó ga jùlọ. Síbẹ̀, ọmọ ọdún 26 péré ni nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí.

Àwọn méjèèjì ló fi agbára ara wọn wá ọ̀nà jáde nílé. Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n wọ̀ kò rí bákan náà. Òfin ilé tí elérè ìdárayá bá wọ̀ lè pinnu ibi tí yóò parí sí, ó kéré tán bí agbára rẹ̀ ṣe lè pinnu rẹ̀. Ìdí nìyí tí ìtàn Osunaarashi fi kan ọ̀dọ́ èyíkéyìí tó ń ronú láti fi eré ìdárayá rìnrìn àjò.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ja sumo?

Ẹni tó bá mọ ìjàkadì nílẹ̀ Yorùbá kò ní pẹ́ kó tó lóye sumo. Àwọn ará Ọ̀fà, tí èèyàn kò lè ki oríkì wọn láìdárúkọ ìjàkadì, mọ̀ pé ẹni tí wọ́n bá gbé ṣánlẹ̀, tí ẹ̀yìn rẹ̀ kan ilẹ̀, ti fìdí rẹmi.

Òfin ti sumo tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Orí pèpéle tí wọ́n fi amọ̀ mọ ni wọ́n ti ń jà, nínú àmì róbótó kan tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 4.55. Bí ohunkóhun lára oníjàkadì bá kan ilẹ̀ yàtọ̀ sí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ìbáà ṣe ìka ọwọ́ kan péré, ó ti pàdánù. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá tẹ ìta àmì náà, ó ti parí.

Wọn kì í wo ìwọ̀n ara kí wọ́n tó fi èèyàn méjì kojú ara wọn. Ẹni tó wúwo tó kìlógíráàmù 110 lè bá ẹni tó wúwo tó 180 pàdé. Ọ̀pọ̀ ìjà kì í sì tó ìṣẹ́jú kan tó fi ń parí.

Ìdíje ńlá mẹ́fà ló wà lọ́dún: mẹ́ta ní Tokyo, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní Osaka, Nagoya àti Fukuoka. Ọjọ́ 15 ni ìdíje kọ̀ọ̀kan máa ń gbà. Àwọn tó wà lókè ń jà lójoojúmọ́. Ẹni tó bá borí nínú ìjà mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sábà máa ń gòkè. Ẹni tí kò bá tó mẹ́jọ, ìsàlẹ̀ ni wọn yóò mú un lọ.

Níbí ni sumo ti yàtọ̀ sí ìjàkadì tí a mọ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ní Sẹ̀nẹ̀gà, níbi tí ìjàkadì tí wọ́n ń pè ní laamb ti ń kó èrò jọ bí bọ́ọ̀lù, àwọn tó ń ṣètò ìjà ló ń bá akọni dúnàádúrà iye tí yóò gbà. Ìjà kan ṣoṣo lè sọ èèyàn di olówó. Nígbà tí Balla Gaye 2 dá Yékini ní oṣù Kẹrin ọdún 2012, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí ẹnikẹ́ni kò rí Yékini dá, gbogbo Dakar ló mì tìtì.

Ní Jàpáánì, kò sí ẹni tó ń dúnàádúrà. Iye ìjà tí èèyàn bá borí ló ń sọ ipò rẹ̀, ipò náà ló sì ń sọ owó rẹ̀.

Láti Giza dé Tokyo

Oṣù Kejì ọdún 1992 ni wọ́n bí Shalan ní Giza, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Cairo. Gbígbé irin láti mú kí iṣan ara le ló kọ́kọ́ fẹ́ràn. Ọmọ ọdún 14 ni nígbà tó mọ sumo, nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń jà á láìgba owó.

Ní ọdún 2011, ọdún tí ọ̀pọ̀ èèyàn tú jáde sí gbàgede Tahrir ní Cairo, ó kọrí sí Jàpáánì láti sọ ọ́ di iṣẹ́. Ṣùgbọ́n sumo kì í ṣe ibi tí èèyàn kàn lè wọ̀ nítorí pé ó lágbára.

Gbogbo oníjàkadì ló gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ilé kan, èyí tí wọ́n ń pè ní heya. Láti ọdún 2002, òfin Àjọ Sumo ilẹ̀ Jàpáánì ni pé àjèjì kan ṣoṣo ni ilé kọ̀ọ̀kan lè gbà. Nígbà tó sì jẹ́ pé nǹkan bí ogójì àti díẹ̀ ni àwọn ilé náà, ẹ lè fojú inú wo iye àyè tó kù fún gbogbo ayé yòókù. Àwọn ọmọ Mòǹgólíà ló sì ń gba ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀.

Àwọn ilé kan kọ̀ ọ́ kí ilé Otake ní Tokyo tó gbà á. Ilé tó lórúkọ ni. Taiho, ọ̀kan nínú àwọn akọni tó tóbi jùlọ nínú ìtàn sumo, tó gba ife ẹ̀yẹ 32, ló dá a sílẹ̀.

Ilé náà ló fún un ní orúkọ ìjà. "Ō" túmọ̀ sí ńlá, "suna" jẹ́ iyanrìn, "arashi" sì jẹ́ ìjì. Ìjì iyanrìn ńlá láti aṣálẹ̀ Íjíbítì ni wọ́n pè é.

Ọmọ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá

Ẹni tó bá ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì tàbí télọ̀ rí yóò lóye ìgbé ayé inú heya. Ọ̀gá ilé, tí òun náà ti jẹ́ oníjàkadì rí, ni bàbá. Ìyàwó rẹ̀ ni ìyá ilé. Ọmọ tuntun ni yóò jí ṣáájú, ni yóò gbálẹ̀, ni yóò fọṣọ, tí yóò sì jíṣẹ́ fún àwọn ẹ̀gbọ́n iṣẹ́.

Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò, láìjẹun. Ó di ọ̀sán kí wọ́n tó jẹ chanko, ọbẹ̀ ńlá tí wọ́n se pẹ̀lú ẹran, ẹja, ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà sóyà tí wọ́n ṣe bíi wàrà. Ẹni tó ga jùlọ ló ń kọ́kọ́ jẹ. Àwọn ọmọ tuntun ló se é, àwọn náà ló ń jẹ kẹ́yìn.

Fún Shalan, ìṣòro mìíràn tún wà níbẹ̀. Mùsùlùmí ni, kì í jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́ èdè Jàpáánì dáadáa nígbà tó dé. Sumo fúnra rẹ̀ sì kún fún àwọn ètùtù ẹ̀sìn ìbílẹ̀ ilẹ̀ náà, bíi dída iyọ̀ sójú ìjà láti fi wẹ ibẹ̀ mọ́. Ó rí ọ̀nà láti máa kírun, kó máa gbààwẹ̀, kó sì máa jà.

Ohun kan ló yàtọ̀ sí ti ọmọ iṣẹ́ nílé wa. Ọmọ iṣẹ́ télọ̀ mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òun yóò ṣe ìdáǹdè, tí òun yóò sì dá ṣọ́ọ̀bù tòun sílẹ̀. Nínú sumo, kò sí ìdáǹdè bẹ́ẹ̀. Inú ilé tí oníjàkadì bá wọ̀ ni yóò wà títí yóò fi fẹ̀yìn tì. Kò lè bínú kó lọ bá ọ̀gá mìíràn, kò sì sí ilé mìíràn tó lè fi owó rà á.

Àkàbà onípele mẹ́fà

Ìpele mẹ́fà ni sumo ní. Láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, wọ́n ni jonokuchi, jonidan, sandanme, makushita, juryo àti makuuchi. Nǹkan bí 600 oníjàkadì ló máa ń wà lórí àkàbà náà lápapọ̀.

Nínú gbogbo wọn, 70 péré ló ń gba owó oṣù: àwọn 28 tó wà ní juryo àti àwọn 42 tó wà ní makuuchi. Àwọn yòókù ń jẹ, wọ́n ń sùn, wọ́n sì ń rí owó díẹ̀ gbà lásìkò ìdíje, ṣùgbọ́n wọn kò ní owó oṣù.

Lóde òní, owó oṣù ẹni tó wà ní juryo jẹ́ yen mílíọ̀nù 1.1, nǹkan bí dọ́là 7,000. Ti makuuchi bẹ̀rẹ̀ láti mílíọ̀nù 1.4. Ẹni tó dé juryo yóò ní yàrá tirẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀yìn yóò sì máa gbé aṣọ tẹ̀lé e. Bí ó bá já bọ́ sí makushita, kódà bí ó jẹ́ ìpele kan péré, owó oṣù dúró, yàrá sì lọ.

Ọdún 2012 ni Osunaarashi bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2013, ó ti dé juryo. Ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, ó wọ makuuchi. Ọ̀pọ̀ ọmọ Jàpáánì ló ń lo ọdún mẹ́wàá láìdé ibẹ̀.

Ó ga tó mítà 1.89, ó sì le bí igi ìrókò. Àṣà ìjà rẹ̀ kò fara sin: yóò fi ọwọ́ gbá èèyàn láyà, yóò sì tì í jáde. Àwọn òǹwòran fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ àwọn àgbà sumo máa ń sọ pé ó ń gbẹ́kẹ̀lé agbára ju ọgbọ́n ìjà lọ.

Ọjọ́ méjì ní Nagoya

Oṣù Keje ọdún 2014 ni ìtàn rẹ̀ dé ṣónṣó. Ìdíje Nagoya ni, nínú oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ Jàpáánì, ó sì bọ́ sínú ààwẹ̀ Ramadan.

Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, kí oòrùn tó wọ̀, ni àwọn makuuchi máa ń jà. Ìyẹn ni pé ìgbà tí ẹni tó ń gbààwẹ̀ bá fẹ́ jà, kò tíì ṣínu. Ìgbà náà sì ni wọ́n fi í kojú àwọn yokozuna fún ìgbà àkọ́kọ́.

Yokozuna ni ipò tó ga jùlọ. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ kò tún ní já wálẹ̀ mọ́. Bí kò bá lè borí mọ́, ìfẹ̀yìntì ló kù fún un. Láàárín èyí tó ju ọ̀ọ́dúnrún ọdún lọ, àwọn tó ti dé ipò náà kò tíì pé 80.

Ní ọjọ́ karùn-ún ìdíje náà, Osunaarashi dá yokozuna Kakuryu. Ní ọjọ́ kẹfà, ó dá yokozuna Harumafuji. Ọmọ Mòǹgólíà ni àwọn méjèèjì.

Bí ẹni tó wà ní ipò kékeré nínú makuuchi bá dá yokozuna, ohun tí wọ́n ń pè ní ìràwọ̀ wúrà ló gbà. Kì í ṣe orúkọ lásán. Ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan ń mú yen 40,000 wọlé ní gbogbo ìdíje, títí oníjàkadì náà yóò fi fẹ̀yìn tì, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti já kúrò láàárín àwọn tó ń gba owó oṣù. Osunaarashi gba méjì láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún.

Lẹ́yìn náà, ó dé ipò maegashira kìíní, àtẹ̀gùn kan péré sí ẹgbẹ́ àwọn olóyè sumo. Kò tún ga ju ibẹ̀ lọ mọ́.

Orúnkún tó ń dùn, àti òfin tí kò dúró de ẹnikẹ́ni

Orúnkún ló kọ́kọ́ dà á. Ìdí kan sì wà tí ìfarapa fi burú nínú sumo ju nínú ọ̀pọ̀ eré ìdárayá lọ.

Bí agbábọ́ọ̀lù bá fi ẹsẹ̀ ṣẹ́, ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò máa san owó rẹ̀, yóò sì padà sí ipò rẹ̀ bí ó bá sàn. Nínú sumo, ìjà tí oníjàkadì kò bá wá, ó ti pàdánù rẹ̀ nìyẹn. Òfin kan wà tẹ́lẹ̀ tó ń dáàbò bo ipò ẹni tó bá farapa lójú ìjà, ṣùgbọ́n wọ́n fagi lé e lẹ́yìn ọdún 2003, nítorí wọ́n ní àwọn kan ń fi ṣe bojúbojú.

Láti ìgbà náà, ohun méjì ló wà níwájú ẹni tó farapa. Bí ó bá sinmi, ipò rẹ̀ yóò máa já, owó rẹ̀ yóò sì máa já tẹ̀lé e. Bí ó bá di orúnkún náà ní báńdéèjì tó jà, ó lè bà á jẹ́ pátápátá. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ oníjàkadì fi ń wé báńdéèjì lẹ́sẹ̀ wọ ojú ìjà.

Nígbà tó yá, Osunaarashi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè sódò láàárín makuuchi àti juryo. Nígbà tí ọdún 2018 wọlé, juryo ló wà.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò

Òfin Àjọ Sumo ni pé oníjàkadì tó ṣì ń jà kò gbọdọ̀ wa mọ́tò. Lẹ́yìn ìjàm̀bá ọkọ̀ tí àwọn oníjàkadì kan ní láyé ìgbà kan ni wọ́n ṣe é. Ẹni tó bá fẹ́ rìn, kó wọ takisí tàbí rélùwéè.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní ọdún 2018, ọkọ̀ tí Osunaarashi wà nínú rẹ̀ ní ìjàm̀bá ní agbègbè Nagano. Ìwádìí fi hàn pé òun ló ń wa ọkọ̀ náà, láìní ìwé àṣẹ ìwakọ̀ tó ṣeé lò. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde, ìdíje oṣù náà ń lọ lọ́wọ́. Ó yọwọ́ láàárín rẹ̀.

Ìgbà náà burú fún irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀. Oṣù méjì péré ṣáájú ni Harumafuji, ọ̀kan nínú àwọn tí Osunaarashi dá ní Nagoya, fẹ̀yìn tì tipátipá nítorí pé ó lu oníjàkadì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Gbogbo ìwé ìròyìn Jàpáánì ló ń bu ẹnu àtẹ́ lu Àjọ náà pé kò lè kó àwọn ọmọ rẹ̀ níjàánu.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2018, Àjọ Sumo ní kó fẹ̀yìn tì. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ẹlòmíràn: òfin wà nílẹ̀, ó mọ̀ ọ́n, ó sì rú u. Ṣùgbọ́n ohun tó tẹ̀lé e ló yẹ kí ẹ ṣàkíyèsí.

Kí ló kù lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì?

Oníjàkadì tó bá fẹ́ di ọ̀gá nínú sumo lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Jàpáánì lójú òfin. Àjèjì tó bá fẹ́ ṣe é ní láti kọ ìlú abínibí rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé, nítorí Jàpáánì kì í fẹ́ kí ẹni tó gba ìwé ọmọ onílùú tún mú ti ibòmíràn lọ́wọ́. Hakuho, ọmọ Mòǹgólíà tó gba ife ẹ̀yẹ 45, ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2019 kó lè di ọ̀gá.

Osunaarashi kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe gé irun orí rẹ̀ tí wọ́n máa ń dì, ilẹ̀kùn sumo ti tì. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, ó lọ ja ìjà ẹlẹ́ṣẹ̀ẹ́ òun ìjàkadì pẹ̀lú Bob Sapp, ọmọ Amẹ́ríkà, nínú ìdíje Rizin. Wọ́n ní Sapp ló borí. Lẹ́yìn ìyẹn, ó bọ́ sí ìjàkadì orí ìtàgé ní Jàpáánì.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ọmọ Clara Town. Weah gbá bọ́ọ̀lù fún Mighty Barrolle àti Invincible Eleven ní Monrovia. Ó gba Cameroon kọjá kó tó dé Monaco ní ọdún 1988, lọ́wọ́ Arsène Wenger. Ó lọ sí Paris Saint-Germain ní 1992, ó sì lọ sí AC Milan ní 1995, ọdún tó di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba Ballon d'Or.

Gbogbo ìgbà tó kúrò ní ilé kan, ilé tó tún ga ló wọ̀. Nígbà tí agbára rẹ̀ ń dín kù, àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ṣì wà tó lè gbà á: Chelsea, Manchester City, Marseille. Kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó di kọ́kọ́rọ́ iṣẹ́ rẹ̀ mú.

Osunaarashi kò ní ilé kejì. Láti ọjọ́ tó wọ Otake, ibẹ̀ ni òkè rẹ̀, ibẹ̀ náà ni ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ṣé èyí wá sọ pé ilé sumo kò dára?

Rárá o. Ilé yìí kan náà ló sọ Terunofuji di èèyàn. Orúnkún àti àìsàn gbé ọmọ Mòǹgólíà náà láti ipò ozeki, ìpele kan péré sí yokozuna, já bọ́ sí jonidan, ìpele kejì láti ìsàlẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ kò jẹ́ kó lọ. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gun àkàbà náà, ó sì di yokozuna ní ọdún 2021.

Ilé tó ń tọ́ni náà ló lè tini jáde. Ọ̀gá rere lè gba èèyàn là, ọ̀gá burúkú sì lè ba ayé èèyàn jẹ́. Ní ọdún 2007, ọmọ ọdún 17 kan kú lẹ́yìn tí wọ́n lù ú nínú ilé sumo kan, ilé ẹjọ́ sì rán ọ̀gá ilé náà lọ sẹ́wọ̀n.

Lónìí, àwọn tó ń wá elérè ìdárayá ń ká ilẹ̀ Áfíríkà kiri, láti Monrovia dé Cotonou, láti Ìbàdàn dé Dakar. Bọ́ọ̀lù nìkan kọ́ ni wọ́n ń wá. Àwọn òbí sì máa ń béèrè ohun kan ṣáájú: èló ni wọn yóò san?

Ìtàn Osunaarashi fi hàn pé ìbéèrè mìíràn wà tó yẹ kó ṣáájú ìyẹn. Bí ọmọ mi bá farapa, ta ni yóò tọ́jú rẹ̀, ṣé owó rẹ̀ yóò sì dúró? Bí ilé náà kò bá bá a lára mu, ṣé ó lè lọ sí òmíràn? Kí ni àwọn òfin ibẹ̀, pàápàá àwọn tó dà bí ohun kékeré? Lọ́jọ́ tí eré bá parí, ìwé wo ni yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Ní ti Osunaarashi, ìràwọ̀ wúrà méjì tó gbà pẹ̀lú ààwẹ̀ lẹ́nu ní Nagoya ṣì wà lórúkọ rẹ̀ nínú ìwé àkọsílẹ̀ sumo. Owó tó ń tẹ̀lé wọn ló dúró lọ́jọ́ tó kúrò nílé náà.